Iyọ̀, Òkúta àti Irin: Àlàyé lórí Ìdáàbòbò Ara Ọkọ̀ lọ́wọ́ Ìpáàrà ní Etíkun Ìlàjẹ

Àṣamọ̀

Pépà yìí ṣe àlàyé lórí ohun tó ń mú irin ara ọkọ̀ dógùn-ún ní etíkun Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àti ọ̀nà tí a lè gbà dá a dúró. Èrò tí pépà náà gbé kalẹ̀ ni pé ọ̀tá méjì ni irin ọkọ̀ ní ní agbègbè yìí, àti pé ọ̀kan nínú wọn kì í ṣe ọmọ etíkun rárá. Òkúta ojú ọ̀nà òkè ilẹ̀ ló ń dá ọgbẹ́ sára ọ̀dà. Iyọ̀ etíkun ló sì ń gba ojú ọgbẹ́ náà wọlé. Ẹni tó bá ń bá ọ̀kan jà tó fi èkejì sílẹ̀, owó ló ń sọ sómi. Pépà náà tún fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí ṣeé kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní èdè Yorùbá láìsí ìnira.

Ìfáàrà

Igbókòdá, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, ni ọ̀nà ilẹ̀ àti ọ̀nà omi ti pàdé. Ọkọ̀ tó ti Òrè gba Òkìtìpupa wá máa ń já ẹrù sílẹ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi yóò sì gba ẹrù náà lọ sí Ayétòrò àti àwọn ìletò mìíràn tó wà létí òkun. Ọ̀nà kan náà ni ẹja àti edé ń gbà padà sókè ilẹ̀. Bọ́ọ̀sì akérò, ọkọ̀ akẹ́rù, ọ̀kadà, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ojú omi, irin ló pọ̀ jù nínú gbogbo wọn, òun náà sì ni agbára wọn. Ẹni tó bá ti dé agbègbè náà rí kò ní ṣàì ṣàkíyèsí pé irin kì í pẹ́ gbó níbẹ̀. Ọ̀kadà tí kò tíì pé ọdún méjì lọ́wọ́ ẹni tó ni ín á ti máa sun omi pupa ní gbogbo oríkèé rẹ̀.

Ohun tí àwọn ènìyàn sábà máa ń sọ ni pé omi ló fà á. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò tó. Òjò ń rọ̀ ní Àkúrẹ́ àti ní Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú, síbẹ̀ irin kì í jẹrà níbẹ̀ bíi ti etíkun. Bí olùkọ́ bá gba ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀ tó sì fi kọ́ ọmọ, ọmọ náà yóò máa sá fún omi tó yẹ kó máa fi fọ ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sórí ẹwà ọkọ̀ nìkan. Ìpáàrà tó wà lójú bọ́nẹ́ẹ̀tì kò lè pa ẹnikẹ́ni. Èyí tó wà lára páìpù bíréèkì lábẹ́ ọkọ̀ ni kò sẹ́ni tó ń rí i, títí di ọjọ́ tí awakọ̀ yóò tẹ bíréèkì tí kò ní mú. Ẹ́ńjìnnì tó kú sójú omi nígbà tí ìgbì ń ru náà kò jìnnà sí èyí.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí èdè

Kí àlàyé tó tẹ̀síwájú, ó yẹ kí a fìdí àwọn ọ̀rọ̀ kan múlẹ̀. Yorùbá a máa sọ pé irin “dógùn-ún”. Àwọn tó ń ka Bíbélì mọ “ìpáàrà” dáadáa, nítorí pé òun ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò níbi tí ìwé Mátíù ti sọ̀rọ̀ ìṣúra ayé tó ń bàjẹ́. Nínú pépà yìí, “dógùn-ún” dúró fún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí irin. “Ìpáàrà” sì dúró fún ìyẹ̀fun pupa tàbí èèpá tó ń jáde lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni “ọ̀dà”. Èyí tí a ń fi kun ilé àti ọkọ̀, ọ̀dà ni. Èyí tó dúdú tí a ń dà sójú títì, ọ̀dà náà ni. Ọ̀dà dúdú yìí kì í ṣe àjèjì ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ó ń sun jáde láti inú ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ní Àgbábù, ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Nigerian Bitumen Corporation sì ti ń gbẹ́ kànga kiri ní agbègbè náà láti wá epo kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914. Bí èdè ṣe pe àwọn méjèèjì ní orúkọ kan náà bá iṣẹ́ wọn mu, nítorí pé bíbo nǹkan kí omi má baà ráyè wọ̀ ọ́ ni iṣẹ́ àwọn méjèèjì.

Àwọn ìwé èdè-ìperí tí Bámgbóṣé (1984) àti Awóbùlúyì (1990) ṣe olóòtú wọn, ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni wọ́n gbájú mọ́. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ irin kò sí lára iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé ara wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn pánẹ́bítà, wẹ́dà àti àwọn tó ń kun ọkọ̀ kò dúró de ọ̀mọ̀wé. Wọ́n ti ní práímà, pọ́tì, sáńpépà, ṣáásíìsì àti sìlẹ́ńsà lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ wọn ni pépà yìí yá lò. Ọ̀rọ̀ tuntun tí olùkọ́ bá dá nínú yàrá rẹ̀ tí mẹkáníìkì kò sì gbọ́, kò ní wúlò fún ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ mẹkáníìkì.

Ohun tó ń mú irin dógùn-ún

Inú ilẹ̀ ni a ti ń wa irin jáde. Nígbà tó wà níbẹ̀, kò dá wà. Òun àti ọ́síjìn ti so pọ̀ di òkúta pupa tàbí dúdú. Iná ìléru ló yà wọ́n. Àwọn baba ńlá wa tó ń yọ́ irin mọ iye èédú tí iṣẹ́ yìí ń jẹ. Láti ọjọ́ tí a ti yà wọ́n ni irin ti ń wá ọ̀nà láti padà sọ́dọ̀ ọ́síjìn tó wà nínú afẹ́fẹ́, omi ló sì ń bá a ṣe alárinà. Ìdí nìyẹn tí ìpáàrà fi jọ erùpẹ̀ pupa tí a ti mú irin wá.

Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣẹlẹ̀ jọ iṣẹ́ bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Bí omi bá tẹ́ pẹrẹsẹ sójú irin, kódà bí omi náà kò bá ju ìrì tí ojú kò lè rí lọ, ibì kan lára irin náà yóò máa tú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀, yóò sì máa yọ́ sínú omi. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà yóò gba inú irin lọ sí ibòmíràn, níbi tí ọ́síjìn àti omi yóò ti gbà á. Iná mànàmáná kékeré ń lọ yípo báyìí láìdúró, ó ń gba inú irin lọ, ó sì ń gba inú omi bọ̀. Irin tó yọ́ yóò pàdé ọ́síjìn, yóò sì di ìpáàrà. Bí a bá mú ọ̀kan kúrò nínú mẹ́ta yìí, irin, omi tàbí ọ́síjìn, gbogbo rẹ̀ yóò dúró.

Níbo wá ni iyọ̀ ti wọlé? Iyọ̀ kì í ṣe ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn, ṣùgbọ́n ó ń ran gbogbo wọn lọ́wọ́. Èkínní, omi òjò kì í gbé iná mànàmáná dáadáa; omi iyọ̀ ń gbé e gan-an, nítorí náà bátìrì kékeré yẹn á máa ṣiṣẹ́ kíákíá. Èkejì, kílóráìdì tó wà nínú iyọ̀ máa ń já àwọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí irin fi ń dáàbò bo ara rẹ̀. Ẹ̀kẹta, èyí tí àwọn ènìyàn kì í sábà rò, ni pé iyọ̀ máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́. Ìyá tó bá ṣí ìgò iyọ̀ sílẹ̀ nínú ilé ìdáná lásìkò òjò mọ ohun tí à ń wí: kí ilẹ̀ tó mọ́, iyọ̀ náà á ti di omi. Iyọ̀ ọbẹ̀ máa ń yọ́ nígbà tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Iyọ̀ òkun tún ní kílóráìdì mànẹ́sìà nínú, èyí tó lè fa omi nígbà tí ọ̀rinrin náà kò tíì ju ìdá 33 lọ. Ìtumọ̀ èyí ni pé ọkọ̀ tí iyọ̀ òkun bá ti bà lé ní etíkun Ìlàjẹ kì í gbẹ tán, ojú lásán ló ń rí i pé ó gbẹ.

Nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀ ló wà nínú lítà omi òkun kan. Nígbà tí ìgbì bá fọ́ sétí òkun, ìkán omi wẹ́wẹ́ yóò fò sókè, afẹ́fẹ́ yóò sì gbé e lọ sórí ilẹ̀. Èyí tó tóbi yóò bọ́ sílẹ̀ nítòsí, èyí tó kéré yóò rìn díẹ̀ sí i. Ambler àti Bain ṣe àyẹ̀wò tó fara jọ èyí ní ilẹ̀ Nàìjíríà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1955. Wọ́n gbé irin kalẹ̀ ní ìtòsí òkun ní Èkó, àwọn kan súnmọ́ ibi tí ìgbì ti ń fọ́, àwọn kan jìnnà sí i. Irin tó wà ní nǹkan bíi yáàdì 50 sí ìgbì jẹrà ju èyí tó wà ní yáàdì 400 lọ ní ìlọ́po tó ju mẹ́wàá lọ. Òjò kan náà ló ń rọ̀ sórí àwọn méjèèjì, oòrùn kan náà ló ń ràn wọ́n. Iyọ̀ ni ìyàtọ̀.

Ó yẹ kí èyí yé ẹni tó mọ Ayétòrò, ìlú tí ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní ọdún 1947, tí òkun sì ti ń jẹ ilẹ̀ rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Ilé tí ó jìnnà sí òkun nígbà kan ti di ilé etí ìgbì. Bí òkun ṣe ń súnmọ́ ilé, bẹ́ẹ̀ ni irin inú ilé náà ń kúrò ní yáàdì 400 bọ̀ ní yáàdì 50. Ẹni tó ń gbé Igbókòdá kò sí nínú ewu tó tó èyí, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá gbé iyọ̀ náà wálé.

Òkúta kò sí létí òkun

Ilẹ̀ etíkun Ìlàjẹ, ẹrọ̀fọ̀ àti iyanrìn ni. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ tilẹ̀ yà á sọ́tọ̀ láàárín etíkun Nàìjíríà yòókù nítorí ẹrọ̀fọ̀ Màhín. Ẹni tó bá ń wá òkúta tí yóò sọ lu ẹyẹ níbẹ̀ yóò rìn jìnnà. Báwo wá ni a ṣe ń rí ọkọ̀ ní Igbókòdá tí iwájú rẹ̀ ti ní ojú àpá wẹ́wẹ́ káàkiri bí ẹni tí ṣànpọ̀nná bá jà?

Láti òkè ilẹ̀ ni. Ibi tí títì bá ti fọ́, wọ́n á fi yangí dí i. Táyà ọkọ̀ tó wà níwájú yóò sì máa ta yangí àti òkúta wẹ́wẹ́ lu ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Táyà ọkọ̀ fúnra rẹ̀ náà tún ń ta á lu abẹ́ fẹ́ńdà àti ẹ̀gbẹ́ ṣáásíìsì ara rẹ̀. Bí eré bá ṣe pọ̀ tó ni agbára òkúta náà ṣe ń le tó, ó sì ń yára le ju bí eré ṣe ń pọ̀ lọ: ọkọ̀ tó bá sáré ní ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni agbára tí òkúta yóò fi gbá a. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Òkúta ló ń mú ògiri lanu. Ojú àpá tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ ti tó fún iyọ̀.

Nígbà tí iyọ̀ bá wọlé, kì í jókòó sójú kan. Ìpáàrà gba àyè ju irin tó ti ara rẹ̀ jáde lọ, ó lè jẹ́ ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, yóò máa ti ọ̀dà sókè láti abẹ́. Ọ̀dà yóò wú bí ara ẹni tí iná jó, yóò là, iyọ̀ mìíràn yóò tún wọlé. Ẹni tó bá rí ibi tó wú náà lójú ọ̀dà, ibi tí ó ti bàjẹ́ lábẹ́ ti fẹ̀ ju èyí tó rí lọ.

Tokunbọ̀ tó ti gbé iyọ̀ wá láti òkè òkun

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí à ń lò, tokunbọ̀ ni. Òmíràn gba èbúté Èkó wọlé. Òmíràn ti gba Kùtọnù wá kí ìjọba àpapọ̀ tó fòfin de gbígbé ọkọ̀ gba ẹnubodè ilẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017. Ní Kánádà àti ní apá àríwá Amẹ́ríkà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, ó sì ti di àṣà káàkiri ibẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1940 síwájú. Ọkọ̀ tó bá ti lo òtútù mẹ́wàá níbẹ̀ ti mu iyọ̀ púpọ̀ kó tó rí òkun Ìlàjẹ rárá. Ẹni tó ń tà á yóò ti kun òde rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni kí olùrà wò: ẹnu ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ibi tí ṣáásíìsì ti tẹ̀, páìpù bíréèkì àti páìpù epo, ibi tí wọ́n de sípíríìnì mọ́. Kí ó fi orí sukudiráfà tẹ ibi tó bá fura sí. Irin tó yè yóò dún. Èyí tó ti jẹrà yóò tẹ̀ bí páálí. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà.

Síńkì, ẹni tó ń kú ikú irin

Ọ̀dà jẹ́ ògiri lásán: tí ó bá ti fọ́, iṣẹ́ rẹ̀ parí níbi tó ti fọ́. Síńkì yàtọ̀. Ó rọrùn fún síńkì láti tú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀ ju irin lọ, nítorí náà bí àwọn méjèèjì bá fara kan ara nínú omi kan náà, síńkì ni yóò máa yọ́, irin yóò sì wà láìfarapa títí síńkì yóò fi tán. Nípa báyìí, bí òkúta bá tilẹ̀ ha síńkì títí ó fi kan irin, síńkì tó wà lẹ́bàá ibẹ̀ yóò ṣì máa gba ìyà náà jẹ.

Ìmọ̀ yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1824, Humphry Davy so irin àti síńkì mọ́ àwo bàbà tí wọ́n fi bo ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbà náà kò jẹrà mọ́. Ṣùgbọ́n bàbà tó ń jẹrà ló ń fi májèlé rẹ̀ lé àwọn ẹ̀dá omi tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀. Nígbà tí kò jẹrà mọ́, wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn pìtìmù, ọkọ̀ kò sì lè sáré mọ́. Wọ́n ní láti pa ọgbọ́n náà tì lára bàbà. Ní ọdún 1837, Stanislas Sorel ní ilẹ̀ Faransé gba ìwé àṣẹ lórí ríri irin bọ inú síńkì yíyọ́. Ọ̀nà yìí ni páànù tí Yorùbá fi bolé fún ọ̀pọ̀ ọdún gbà dé. Ó pẹ́ kó tó dé ara ọkọ̀ ilẹ̀. Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1975 kò ní irú ìbora bẹ́ẹ̀, àwọn tó lò ó mọ bí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe máa ń rí. Nígbà tó di àárín àwọn ọdún 1980 ni ilé-iṣẹ́ bíi Audi bẹ̀rẹ̀ sí í fi síńkì bo gbogbo ara ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tún ń ri gbogbo ara ọkọ̀ bọ inú agbada práímà, wọ́n á sì fi iná mànàmáná lẹ práímà náà mọ́ ọn títí dé kọ̀rọ̀ tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè dé.

Ibi tí ọ̀ràn ti ń bàjẹ́ ni ìgbà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ wẹ́dà. Iná tó fi ń jó irin pọ̀ yóò jó síńkì àti práímà kúrò ní iwájú àti ní ẹ̀yìn. Iwájú ni wọ́n ń kùn. Ẹ̀yìn, tó wà nínú ihò tí ẹnikẹ́ni kò lè wò, yóò wà ní ìhòòhò. Lẹ́yìn ọdún kan, ìpáàrà yóò jáde láti inú wá, oníṣẹ́ yóò sì sọ pé ọ̀dà ni kò dára.

Ìtọ́jú tó ṣeé ṣe

Fífi omi fọ̀ ọ́ ló ṣáájú, omi tí kò ní iyọ̀ sì ni. Ó rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n omi dídùn kò pọ̀ ní ọ̀pọ̀ ìletò etíkun Ìlàjẹ. Omi òjò tí wọ́n gbè ni wọ́n ń mu. Kò sẹ́ni tí yóò fi omi mímu ọmọ rẹ̀ fọ ọ̀kadà lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bá a wí. Ohun tí a lè ṣe ni kí a fi omi díẹ̀ síbi tó yẹ. Òjò fúnra rẹ̀ ń fọ orí àti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀; abẹ́ tí òjò kì í dé ni iyọ̀ ti ń kó jọ. Garawa kan tí a bá fi fọ abẹ́ fẹ́ńdà, ṣéènì àti páìpù bíréèkì ṣe àǹfààní ju garawa mẹ́ta tí a fi mú orí ọkọ̀ dán lọ. Ohun tí kò yẹ rárá ni kí a ti ọ̀kadà bọ inú ọ̀sà láti fọ̀ ọ́. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi òkè kò bá ti omi òkun padà mọ́, iyọ̀ náà wà nínú ọ̀sà. Bákan náà, tapólì tí a bá fi bo ọkọ̀ pinpin létí òkun yóò há ọ̀rinrin mọ́ abẹ́ rẹ̀. Ó sàn kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí i.

Ojú àpá òkúta, kíá ni kí a tọ́jú rẹ̀. Kí a fi omi dídùn fọ ibẹ̀, kí a fi sáńpépà ha á kọjá ẹnu àpá títí irin yóò fi dán, kí a tún un fọ̀. Fífọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ni àwọn oníṣẹ́ máa ń fò, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ tó ti wọ ihò wẹ́wẹ́ inú irin kì í bá sáńpépà lọ. Nígbà tí ó bá gbẹ nínú oòrùn, ọjọ́ náà gan-an ni kí a lo práímà, torí pé irin ìhòòhò kì í sun mọ́jú létí òkun láìyí àwọ̀ padà. Práímà tó ní síńkì nínú ló dára jù lójú irin tó dán. Pọ́tì kì í ṣe práímà. Ó ń mu omi, bí wọ́n bá sì fi lé orí irin ìhòòhò tàbí orí ìpáàrà, ńṣe ni wọ́n fi kànrìnkàn tútù pamọ́ sábẹ́ ọ̀dà.

Fún abẹ́ ọkọ̀, ọ̀dà dúdú tó nípọn tàbí ìbora tó rọ̀ bíi rọ́bà ló ń gba ìlù òkúta, nítorí pé ó ń rọ̀ fún òkúta, kì í sì í fọ́ bí ọ̀dà ojú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀. Bí wọ́n bá kùn ún lé ìpáàrà, tàbí tí ó bá là, omi yóò wọ ẹ̀yìn rẹ̀, kò ní rí ọ̀nà jáde, ẹnikẹ́ni kò sì ní rí i. Àwọn ihò kéékèèké tí ilé-iṣẹ́ dá sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kí omi lè máa jáde, àwọn kan a máa kùn ún dí. Kí wọ́n fi ìṣó tàbí wáyà là á. Rọ́bà tí a bá so mọ́ ẹ̀yìn táyà kò wọ́n, ó sì ń gba ìdajì ìyà náà.

Ó kù díẹ̀ kí a gbàgbé ọ́ìlì tí wọ́n ti lò. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ máa ń fi í ra abẹ́ ọkọ̀. Ó ń ti omi sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀, èyí ni kò jẹ́ kí àṣà náà parẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní ásíìdì àti ìdọ̀tí ẹ́ńjìnnì nínú, ó ń mú rọ́bà bíréèkì rọ̀, iyanrìn ń lẹ̀ mọ́ ọn, òjò kan sì ti tó láti gbé e lọ sínú omi. Àwọn ará Ìlàjẹ kò nílò ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé fún wọn ohun tí epo ń ṣe sí omi ẹja. Gíríìsì díẹ̀ lójú bóòtù, àti wáàsì tí wọ́n ń fín sínú ihò ṣáásíìsì, ń ṣe iṣẹ́ náà láìṣe ìpalára.

Ní ti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, alumíníọ̀mù ni ara rẹ̀, síńkì kékeré kan sì wà lára rẹ̀ nísàlẹ̀ nítòsí abẹ̀bẹ̀ tó ń wa omi. Síńkì yìí ni àwọn kan ń rò pé ó ti bàjẹ́ nítorí pé ó ti jẹrà. Jíjẹrà ni iṣẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n má ṣe kùn ún lọ́dà, nítorí síńkì tí a kùn kò lè kú ikú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ó bá ku ìdajì, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìrìnàjò inú omi iyọ̀, kí wọ́n fi omi dídùn ṣan inú ẹ́ńjìnnì náà, nítorí pé omi òkun tí wọ́n fi tù ú lójú ọ̀nà yóò fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú àwọn ihò rẹ̀ bó bá gbẹ. Bóòtù bàbà tàbí irin tí kì í dógùn-ún tí mẹkáníìkì bá fi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀ lè sọ alumíníọ̀mù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di síńkì: òun ni yóò máa jẹrà.

Nínú kíláàsì

Iṣẹ́ ìwádìí tí Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Ẹ̀kọ́ yìí kò nílò yàrá àyẹ̀wò. Kí olùkọ́ wá ìṣó tuntun mẹ́ta tó dọ́gba àti ife mẹ́ta. Kí ó bu omi òjò sí èkínní. Kí ó bu omi òjò tó fi ṣíbí iyọ̀ kan sí sínú èkejì. Kí ó se omi títí yóò fi hó dáadáa kí ọ́síjìn inú rẹ̀ lè jáde, kí ó bu ú sínú ẹ̀kẹta, kí ó sì da òróró ẹ̀pà lé e lórí kí afẹ́fẹ́ má baà padà wọlé. Kí àwọn ọmọ máa kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ láràárọ̀. Ìṣó inú omi iyọ̀ ni yóò ṣáájú. Èyí tó wà lábẹ́ òróró yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà, bẹ́ẹ̀ inú omi ló wà. Ọmọ tó bá ti rí èyí kò ní sọ mọ́ pé omi nìkan ló fà á.

Lẹ́yìn èyí, kí olùkọ́ gé páànù onírin àtijọ́ kan tí síńkì ara rẹ̀ ṣì ń dán, kí ó sì gé ara agolo mílíìkì kan. Kí ó fi òòfà dán méjèèjì wò kí ó lè dá a lójú pé irin ni wọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ni kí ó gé wọn, nítorí ẹnu wọn mú. Kí ó fi ìṣó ha ojú méjèèjì ní ìlà kan títí yóò fi kan irin, gẹ́gẹ́ bí òkúta ṣe ń ha ọkọ̀, kí ó sì fi wọ́n sínú omi iyọ̀. Agolo náà dán ju páànù lọ nígbà tí wọ́n ń wọnú omi, àwọn ọmọ yóò sì sọ pé òun ni yóò pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n tánganran tó wà lára agolo kì í kú ikú irin, irin ló ń kú ikú rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìlà tó wà lára agolo yóò ti pupa, omi ife náà yóò sì ti dà bí omi yangí. Lójú ìlà ti páànù, ìyẹ̀fun funfun díẹ̀ ni wọn yóò rí.